Ògiri Tí A Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Mọ

Ṣọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ mi ni ìyàwó mi fi ya ilé ìdáná wa. Ó yà á sórí ilẹ̀ pálọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da sìmẹ́ńtì sí, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn gígùn àti ìbú.

"Sítóòfù rèé. Síńkì rèé, lábẹ́ fèrèsé. Pẹpẹ onísìmẹ́ńtì tí mo máa máa gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀ rèé, kó ga dé ìbàdí mi. Ibí ni ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín máa jókòó sí."

Mo wo ilẹ̀ títí. Mo bi í pé ògiri dà.

"Ògiri kín ni?"

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń ṣe olùkọ́ ní Ẹ̀jìgbò, à ń kọ́ ilé wa díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò wa, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná ń wà, ó jìnnà sí ibi tí àlejò ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n Àbíjàn ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ, ó sì ti rí irú èyí nílé oníbàárà ìyá rẹ̀ kan: ẹni tó ń dáná ń bá àlejò sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó dí wọn lójú. Mo rò pé fáàrí lásán ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò bínú.

"Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ yín," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ ìparí ìtàn kan rí. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń wà, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Tí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, gbogbo yín á dákẹ́, ẹ ó máa jẹun. Èmi náà fẹ́ gbọ́."

Mo ya àwòrán ilé náà fún bíríkìlà bó ṣe wí, láìsí ògiri níbẹ̀.

Nígbà tí ògiri ìta ti dúró, a lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú wọn, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí a padà dé, bíríkìlà wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Mo rí i pé ẹ gbàgbé ògiri kan nínú àwòrán yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá bá yín mọ ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni!"

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ níbí: nígbà tí mo rí ògiri náà, ara tù mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí láìjẹ́ pé èmi ni mo parí rẹ̀. Ìyàwó mi fi ọwọ́ kan bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àárín wọn kò tíì gbẹ. Ó ní, "Ẹ yá mi ní òòlù yín." Bíríkìlà rò pé àwàdà ni, ó nà án sí i.

"Ìyàwó Tíṣà! Ẹ rọra o! Kí ni bulọ́ọ̀kù ṣe fún yín?"

Ó ń fọ́ bulọ́ọ̀kù lọ. Nígbà tó fọ́ ìkẹta, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo sì gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ìyókù.

Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ní iṣẹ́ kan tí a kì í sọ síta. Tí àlejò tí a kò retí bá dé, ìyàwó ilé á wọ ẹ̀yìn lọ, á padà wá, á ní, "Ẹ má bínú o, ìsinsìnyí ni oúnjẹ tán." Ta ni yóò lọ yẹ ìkòkò wò? Nílé tiwa, gbogbo ojú wà lára ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń wo pẹpẹ.

"Ilé ìdáná tí kò lè bá onílé purọ́, kí ni ìwúlò rẹ̀?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun."

Láti ìgbà náà ni ó ti ń se oúnjẹ kọjá iye wa. Ó ń sè é, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, ó ń tún ìtàn mi ṣe lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo pàdánù ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nínú ilé náà.

Àìsàn tó mú ìyàwó mi lọ kò pẹ́. Àwọn ọdún 1990 ni. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí ṣì jókòó nígbà tí mo rí bulọ́ọ̀kù níwájú ilé, bíríkìlà mìíràn sì ń po sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wá.

"A ó mọ ògiri dí ibi ìdáná yẹn," ó ní. "Kò sí obìnrin nílé mọ́. Tí o bá ń wò ó lójoojúmọ́, ọkàn rẹ ò ní balẹ̀."

Mo mọ̀ pé ire ló ń wá fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ní mọ ọ́n."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ta ló máa dáná níbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi àgbà kan ní, "Yéè! Ọkùnrin? Níwájú ìyá ìyàwó ẹ?"

Mo dìde, mo tan sítóòfù. Mo bẹ iṣu, mo bẹ ẹ́ nípọn débi pé ìdajì rẹ̀ bá èèpo lọ. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ń rí i. Kò sí ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Mo lọ ata, mo da epo, mo bu iyọ̀. Ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò yí ojú kúrò. Nígbà tó yá, ó bi mí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ṣe nínú ìdánwò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mo ń ro ọbẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ síwájú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí nígbà tí mò ń bù ú. Ẹ ò sọ̀rọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bu iṣu náà jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́, ó sì lọ ilé. Èmi fúnra mi ni mo jáde lọ sọ fún bíríkìlà pé kó kó bulọ́ọ̀kù rẹ̀.

Mo ti darúgbó báyìí. Iyọ̀ mi ṣì ń pọ̀. Ẹni tí kò bá lè gba iyọ̀ mi kó dìde wá bù ú fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ògiri níbẹ̀, kò sì ní sí níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láàyè.