Ìtumọ̀ Ọ̀gbun Nínú Ìwé Tísà Ezekiel

Láti ìgbà tí Tísà Ezekiel ti fẹ̀yìn tì, tó padà wálé sí Ẹfọ̀n-Alààyè, ọ̀rọ̀ ló ń ṣà jọ bí ẹní ń ṣa obì. Ó fẹ́ káwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìwé ìtumọ̀ tiwọn. Nígbà tó dé orí "ọ̀gbun", ó kọ ọ́ pé: "Ihò jíjìn tí kò nísàlẹ̀." Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá kò yé e. Ló bá gun ọ̀kadà lọ sí abà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, tó ń gbé létí ọ̀gbun gan-an.

Òtútù ti gba ohùn lẹ́nu Àbẹ̀kẹ́ láti àná. Tísà ń béèrè, ìyá ń mi orí. Ni igbe bá dún láti òdìkejì ọ̀gbun: "Àbẹ̀kẹ́ oooo!" Ìyá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ṣíbí lu abọ́. Tísà rò pé atẹ́gùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ọdún márùndínlógójì!

Igbe náà tún dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Omi bọ́ lójú Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ni Tísà rántí àṣà abà: láràárọ̀ ni ará ìhín ń dá ará ọ̀hún lóhùn, bí wọ́n bá ké lẹ́ẹ̀mẹta tí èsì kò sí, ẹni tó ké gbọ́dọ̀ sọdá wá wo ẹnì kejì. Fẹ́yìsetán, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń ké. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òjò àná sì ti mú ọ̀nà yọ̀.

Tísà sáré jáde, ó ké títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó di gbòǹgbò mú, ó ń fìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti bá Fẹ́yìsetán, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ń mí?"

"Ó ń mí, Ẹ̀gbọ́n. Ohùn rẹ̀ ló há. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìwé ti dí ọ létí! Ó yá, fà mí gòkè, ká lọ ulé."

Nígbà tí àwọn ìyá méjèèjì rí ara wọn, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọn wu Tísà. Ó wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

"Báyìí la ṣe bá a," ni Fẹ́yìsetán wí.

Tísà kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó fa igi lé ti àkọ́kọ́, ó tún un kọ: "Ọ̀gbun: ihò jíjìn. Ó nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Fẹ́yìsetán, tó ń bọ̀ wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀."