Bíọ́lá Kúnlẹ̀, Kò Lè Dìde

Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì bo òrùlé Ṣómólú débi pé n kò ríwájú dáadáa nígbà tí mò ń bọ̀ láti Abúlé Òkúta.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ti ń se tíì. Ìyá Onítíì ni wọ́n ń pè mí. Àsìkò tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá ni, gbogbo olóṣèlú ló ń tẹ pósítà. Bíọ́lá ló ń to ọ̀rọ̀ wọn sórí kọ̀ǹpútà. Bó bá ti jókòó láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mò ń gbé tíì àti oúnjẹ lọ bá a, bí mo ṣe ń gbé e fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa fi yangàn ní Bàrígà pé abẹ́ fáànù lọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Bíọ́lá kì í jókòó kí mi. Bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, yóò kúrò lórí àga, yóò kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde."

Kò dìde.

Káríìmù tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Bíọ́lá, ṣé ọkọ lẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Màmá ni? Wọ́n ti gbọ́ o!"

"Mà, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

Mo ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ti wú, ó ń dán, ó gbóná lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé wa ní, "Ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ayé ló ṣe é."

"Níbo ló ti tẹ̀ ẹ́?" Káríìmù dá a lóhùn. "Ẹni tí kì í rìn!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ìjókòó pípẹ́ wà lára ohun tó fà á. Bó bá ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa á. Ìyá rẹ̀ dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bíọ́lá yè, àmọ́ ó ń tiro títí mo fi fi ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí a gbé e lọ sí ọsibítù, a ò tíì mọ̀ pé yóò yè. Mo gbé sítóòfù àti kẹ́tùlù jáde síta, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Tíì hó. N kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wa pariwo láti inú yàrá rẹ̀. "Ìyá, tíì mi dà?"

"Ó wà níta níbí, ọ̀gá. Ẹ dìde, ẹ wá bù ú."

 Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, òmíràn sì dún tẹ̀ lé e.