Dísíkẹ́ẹ̀tì Kìíní

Ọ̀gá mi ò gbà pé ohun kankan wà láyé yìí tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kó sì máa sinmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Iléṣà, Mẹ́tọ́díìsì paraku. Nígbà tí Òṣogbo di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí àdúgbò Igbona níbẹ̀, èmi ni mo sì ń bá a tẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. À ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ká tó wọlé tọ̀ ọ́, aṣọ léèsì là ń dà bò ó ní ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ni fáànù sì ń fẹ́ sí. Èmi tí mò ń làágùn níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi.

Obìnrin kan wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà pé ká bá òun tẹ ètò ìsìnkú ìyá òun. Kò mọ̀wé. Ó jókòó tì mí, ó ń sọ ìtàn ìyá náà, mò ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́: bí ẹbí ọkọ ṣe lé e kúrò lóko kòkó, bó ṣe padà lọ jókòó sídìí igi obì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, àdá lórí itan, tó ní kí ẹni tó bá láyà wá ká a. Obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò ní lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Yèyé mi ti wà lọ́wọ́ rẹ báyìí."

Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní kí n má fi ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣòfò, kí n dúró de fọ́tò tí obìnrin náà máa mú wá. Mo wá ní kó fún mi ní dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun kí n tọ́jú ìtàn náà sí. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú àkọ́kọ́ nínú àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gbé ètò kọ̀ǹpútà náà wọlé nígbà tí a rà á, ó ní kí n pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí n lò ó.

"Ó ti ṣe tirẹ̀ tán. Ṣé kó kàn máa jókòó lásán ni?" Mo pa á rẹ́, mo sì da ìtàn náà kọ sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ rẹ̀ fi síídì ètò tuntun ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe odindi. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ti ní ètò àtijọ́ ni, kó lè fi tuntun gorí rẹ̀. Ọ̀gá ní òun kì í wọ aṣọ tuntun sórí ìdọ̀tí, inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ́ ná. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó gba àdúrà tó gùn bí ìwàásù, ó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ló bá ti síídì bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé ó ti ní ètò àtijọ́ rí. Kó fi dísíkẹ́ẹ̀tì kìíní han òun.

Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ti dísíkẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀.

"Ṣé o ò rí i pé kìíní ni wọ́n kọ sára rẹ̀ ni?" Kọ̀ǹpútà ló ń bá wí, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí.

Ó wá rán mi lọ sí Òkè Baálẹ̀ láti gbé iṣẹ́ fún oníbàárà kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sà, ìtàn ìyá Ìpetu ló wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn o. Kò sí níbòmíràn mọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Nígbà tí mo padà dé, ètò tuntun ti wọlé, eyín ọ̀gá sì wà níta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ló bá a ṣe é. Ọ̀rẹ́ náà ní ètò àtijọ́ lódindi, ó ní kó mú dísíkẹ́ẹ̀tì kan wá kí òun da ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì kìíní tòun kọ sí i. Àwọn tuntun wà nínú páálí, a ò tíì já ọ̀rá wọn. Èyí tí wọ́n kọ kìíní sí lára ni ọ̀gá gbé lọ. Ó ní ó kúkú ti ní lébẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀.

Ìtàn ìyá náà ti pa rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Inú bí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ìwọ̀nba tí mo rántí. Ó ní tíṣà lòun, òun á kọ ọ́ fúnra òun, àti pé ọ̀rọ̀ àdá ò yẹ nílé Ọlọ́run.

Nígbà tí obìnrin náà wá gba ìwé rẹ̀, ó fọwọ́ pa fọ́tò ìyá rẹ̀, ó jókòó tì mí bíi ti ọjọ́sí, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Wọ́n bí i ní Ìpetu, ó ṣègbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ́ràn ìjọ, ó sùn nínú Olúwa. Ó ṣì ń tún gèlè rẹ̀ wé nígbà tí mo parí.

Ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Ìyókù ńkọ́, ọmọ mi?"

Mo yí ìwé náà padà. Orin ìsìn ló wà lẹ́yìn. Ó fà mọ́ mi, ó ń dúró kí n máa kà á lọ.