Ọwọ́ Tó Ń Kí Òjòlá

Nígbà tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ tó gba Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀, owó epo rọ̀bì wà nílùú, ìwé ìròyìn wa kò sì fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju títì àti afárá. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ. N kì í kọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé lẹ́yìn Gbaji, ilé rẹ̀ ni mo sì máa ń sùn. Màmá Gbaji là ń pè é. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Gbaji, jẹ́ Ègùn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń kó àgbọn láti oko dé èbúté.

Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló so oko mọ́ èbúté, iyanrìn funfun, igbó lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á tò tẹ̀lé ara wọn, àgbọn á kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá wà níwájú ló ń wo ilẹ̀ fún àwọn tó kù, nítorí ejò. Òjòlá nìkan ni kì í bà wọ́n lẹ́rù. Ní ìdílé Bàbá Gbaji, wọn kì í pa òjòlá, wọn kì í sì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí Bàbá bá rí i lójú ọ̀nà, á sọ̀ kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, á kúnlẹ̀, á forí kan iyanrìn, á pè é ní Dàágbó, bí Ègùn ṣe ń pe bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sínú koríko. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn á dúró dè é.

Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ tètè kí àna yín, oòrùn ti ń mú." Màmá Gbaji, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, náà kì í gbẹ́yìn. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ òun wá tọrọ òun, ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣe fún bàbá òun kò tó ìdajì èyí tó ń ṣe fún ejò.

Igbó ńlá tó wà lápá títì ni katakata kọ́kọ́ wó. Ohun tó ń gbé inú rẹ̀ bá sá wá sápá ọ̀nà oko. Màmá Gbaji bá paramọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò omi rẹ̀. Ajá aládùúgbò kan kú sẹ́yìn ilé. Paramọ́lẹ̀ kúrú, ó sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ rí adíkálà, kì í sì í sá fún ènìyàn. Òjòlá apá ibẹ̀ náà kúrú, ó sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ rí adíkálà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ gbọ́dọ̀ wo orí wọn dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá ló wà níwájú. Olórí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé e, òun ló sì ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Kí n tó dé ibẹ̀, Bàbá ti forí balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í wò ó lójú bí wọ́n bá ń kí i. Wọ́n na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mi ò gbọ́ igbe kankan. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé, 'Èyí kì í ṣe òun.'"

Ó ní òun da gbogbo àgbọn òun nù, òun fi rọ́bà tí òun fi ń di ẹrù so apá Bàbá, òun gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé títì, òkìtì ilẹ̀ pupa ti dí i, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ akóyanrìn kan fi rí àyè gbé wọn dé ọsibítù. Nígbà tí mo máa débẹ̀, wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá. Dókítà ní oró ejò bà á jẹ́, rọ́bà tó pẹ́ lápá náà sì dá kún un. Olórí àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó jáde lọ dúró ní ìta.

Mo kọ ìròyìn náà. Olóòtú mi gé e kù sí gbólóhùn kan nísàlẹ̀ ìròyìn títì.

Bàbá padà sílé, ṣùgbọ́n kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó gba ọ̀nà oko mọ́. Àgbọn ń hù lórí ilẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá wá jókòó sí àgbàlá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dáná sun igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, ilẹ̀ ìdílé Bàbá sì ni. Olórí wọn kò gbé ojú sókè.

"Bàbá, bí ẹ ò bá gbà, a ò ní í ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí àwọn ọmọ wa lè gbà lọ sílé-ìwé. Bí ejò bá tún bu ẹnì kan ṣán, kí la fẹ́ wí fún ìyá rẹ̀?"

Bàbá ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n òjòlá wà nínú igbó náà, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, láti ayé bàbá bàbá òun, iná kò sì mọ èyí tó máa jó yàtọ̀ sí èyí tó máa fi sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun kó àwọn òjòlá náà jáde ná. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ pé, "Bàbá, ta ló máa kọ́kọ́ na ọwọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá tí wọ́n gé, ó wọ inú igbó lọ fúnra rẹ̀. Èmi àti Màmá ń wò ó láti ojú ọ̀nà. Bí ó bá fi igi ṣí koríko, kò ní ọwọ́ tó máa fi gbé ohun tó bá rí. Bí ó bá ju igi náà sílẹ̀, koríko á tún padé. Ó ṣe é títí oòrùn fi kan orí. Nígbà tó jáde, apẹ̀rẹ̀ ṣófo. Ó ní kí Màmá lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáná.

Atẹ́gùn òkun gbé iná náà yára. Kí ọjọ́ tó rọ̀, igbó ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀. Àṣà ìdílé Bàbá ni pé bí wọ́n bá rí òkú òjòlá, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á sin ín bí ènìyàn. Màmá mú gèlè funfun dání, èyí tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ oúnjẹ Olúwa. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kàn ń fà á ya.

Òkú ejò wà káàkiri nínú eérú, wọ́n ká jọ, wọ́n dúdú bí èédú.

Bàbá ní, "Wo orí ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án."

Màmá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó lọ wo òmíràn, ó tún wo òmíràn. "Orí wọn ti jóná, Bàbá. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín."

Bàbá mú ọkọ́ tó gbé wá.

"Sin gbogbo wọn."

Ó fi igi ọkọ́ há abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa iyanrìn. Màmá ń dì, èmi ń bá a di etí aṣọ mú. Aṣọ tán, òkú ejò kò tán. Bàbá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì ẹ̀wù funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀.