Yàrá Àṣàbí

Láti ìgbà tí ọkọ Àṣàbí ti kú ni ó ti ń tọ́jú ilé tí àwọn ọmọ kéwú mẹ́fà tí wọ́n wá láti Òwu-Ìsin ń sùn ní Rore. Òun ló ń rẹ́ ògiri rẹ̀, òun ló sì ń wá koríko tí wọ́n fi ń bò ó. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kí ó tó kórè tán, àwọn ọdẹ ti dáná sun igbó, koríko sì jóná ráúráú. Àkọ́rọ̀ òjò bá àwọn ọmọ lórí ẹní.

Láàárọ̀, Àlùfáà tí ó ń kọ́ wọn ní kéwú sọ pé, "Àṣàbí, gbogbo wọn ló ń wúkọ́. Lónìí ni n ó dá wọn padà sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlùfáà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn ní yàrá mi."

"Yàrá opó? Géńdé mẹ́fà? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará Òwu-Ìsin fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Àṣàbí kò bímọ. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò tún pè é ní ìyá. Ó wọlé, ó ká ẹní rẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná tí kò ní ògiri.

"Kò sí opó nínú yàrá yẹn mọ́," ni ó wí.

Àlùfáà wo ilé ìdáná náà, ó sì yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọlé.