Nàfísátù Kò Ka Awakọ̀

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Nàfísátù fi ń bá àwọn àgbẹ̀ wá ọkọ̀ ní Jos kí ẹnì kan tó sọ fún un pé ìmọ̀ ẹ̀rọ lohun tó ń ṣe. Kó tó dìgbà náà, ó rò pé iṣẹ́ ni.

Ọmọ Ìlọrin ni, tí a bá ní ká tọ ìran lọ sẹ́yìn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé tẹ̀súbáà wá tà nígbà táwọn òyìnbó ṣì ń wa kùsà. Dogon Dutse ní Jos ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló bímọ mẹ́ta sí. Ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní pólì. Kò ríṣẹ́. Ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́bàá ọjà ẹ̀fọ́ Farin Gada, ó ń ta káàdì fóònù, ó ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà.

Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló kó ìdààmú bá a. Pòtétò ń jẹrà nínú àpò. Kábéèjì ń rọ. Àgbẹ̀ jókòó ti ẹrù, kò rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Lódìkejì títì, awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ òfìfo, kò rí ẹrù. Láàárín àwọn méjèèjì, àwọn alárinà. Wọ́n ń jẹ lọ́tùn-ún, wọ́n ń jẹ lósì.

Nàfísátù bá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́jọ. Òun nìkan ló kọ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Awakọ̀ kò nílò fóònù olówó ńlá, fóònù tọ́ọ̀ṣì ti tó. Á tẹ "kaya", ìyẹn ẹrù lédè Hausa, á fi orúkọ ìlú tó ń lọ kún un, á fi ránṣẹ́. Kó tó gbójú sókè, nọ́ńbà àgbẹ̀ tó ní ẹrù ìlú náà ti dé. Tán. Kò sí àwòrán, kò sí orin. Kaya ni gbogbo ọjà ń pè é.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Abẹ́ tábìlì Nàfísátù ni kọ̀ǹpútà tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró wà, ó sì ti gbó. Lásìkò ìkórè, tí àwọn tó ń lò ó bá pọ̀, á kàn dákẹ́ ni. Wákàtí mẹ́ta. Mẹ́rin. Pòtétò á tún jókòó. Ó nílò owó, kí Kaya má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi forúkọ sílẹ̀ nígbà táwọn olùdókòwò kéde pé àwọn ń bọ̀ láti Èkó, àwọn ń wá èèyàn tó ní èrò tuntun. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, Alhaja Maimunah.

"Áńgẹ́lì ni wọ́n ń pe àwọn kan nínú wọn, Màmá. Wọ́n á fún èèyàn lówó, wọ́n á gba ìpín nínú iṣẹ́ rẹ̀."

"Áńgẹ́lì bíi mọ̀láíkà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mọ̀láíkà tí èmi mọ̀ tó ń wá gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn nílé, ẹ̀mí ló ń gbà. Máa lọ. Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ."

Hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Lamingo ni wọ́n ti pàdé, nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ń já èèyàn jẹ. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó níwájú. Ọláyídé ni ọ̀gá wọn, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Tíṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bàtà kánfáàsì funfun. Ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, àmọ́ kò wọ súwẹ́tà. Ó jọ pé owó irú tiwọn kì í wọ súwẹ́tà.

Nínú àwọn tó wá tọrọ owó, Dáníẹ́lì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Dadin Kowa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni. Òun náà fẹ́ so awakọ̀ mọ́ àgbẹ̀. ERU lorúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwòrán mẹ́rìnlélógún tó ń tàn lára ògiri. Kò ní awakọ̀. Kò ní àgbẹ̀. Ó ní eruku Farin Gada máa ń mú òun sín.

"Awakọ̀ mélòó lẹ ní?" Ọláyídé bi í.

"Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà sí i, ẹgbàárùn-ún. Lọ́dún méjì, gbogbo Áfíríkà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó kan Nàfísátù. Ó yíkàá díẹ̀, ó kí wọn kú ọyẹ́, kú ìrìn àjò, kú àbọ̀. Ọláyídé wo aago.

"Awakọ̀ mélòó lẹ ní, Ma?"

Nàfísátù mọ iye wọn. Ẹgbẹ̀rún kan, igba àti mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ló kà wọ́n, òun kọ́. Àmọ́ wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn tí wọ́n ń gun ọ̀nà Akwanga tó léwu lọ, tí wọ́n ń gùn ún bọ̀, ṣé òun ló máa wá dúró níwájú àlejò máa ka orí wọn ní ení, èjì?

"A dúpẹ́," ó ní. "Wọn ò pọ̀ jù."

"Bíi mélòó?"

"Ọlọ́hun ń bá wa pa wọ́n mọ́."

Ọláyídé kọ nǹkan sílẹ̀. Nàfísátù rí i: *Díẹ̀.*

"Ọjà ńkọ́?"

"À ń rí jẹ. Alhamdulillahi."

Ó tún kọ nǹkan.

"Ta ló kọ ètò yìí fún yín?"

"Èmi ni."

"Rárá o, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ni mò ń béèrè. Ṣé ọkọ yín ni?"

"Kéwú lọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọdé. Kọ̀ǹpútà kankan ò tíì gbọ́ kéwú rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Dáníẹ́lì ló gbowó. Àwọn olówó yìí máa ń sọ pé ẹ̀bùn làwọn ń wò, àwọn kì í wojú. Òótọ́ ni. Ṣe ni ẹ̀bùn náà kàn máa ń jọ wọ́n lójú, lọ́jọ́ orí àti ní bàtà.

Kò pé oṣù kan tí ERU fi gba Jos kan. Ọ́fíìsì onígíláàsì. Epo ọ̀fẹ́ fún awakọ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ ERU gàdàgbà sára ọkọ̀, láìfi àmì ohùn kankan sí i, torí àmì ń da àwọn olówó láàmú. Samson, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Jos, tó ti ń bá Kaya ṣiṣẹ́ láti ọdún kìíní, gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí Nàfí, ẹ bá mi ka nǹkan tí wọ́n kọ yìí. Ẹrù ni àbí ẹrú?"

"Kò sí àmì lórí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù."

"Kò sí àmì nísàlẹ̀ náà."

"Èrú nìyẹn."

Samson rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Haba. Epo ọ̀fẹ́ ni ṣá, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Lọ gbepo."

Ó bínú.

Awakọ̀ lọ, wọ́n lọ, ó ku ìdajì. Àmọ́ fóònù ńlá ni ERU ń béèrè, òyìnbó ló ń sọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dé oko. Àwọn àgbẹ̀ kò rí i lò. Awakọ̀ ń gbepo ọ̀fẹ́, wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfìfo yí ìlú ká. Ẹgbàárùn-ún tí Dáníẹ́lì ṣèlérí ṣáà gbọ́dọ̀ pé, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá mú awakọ̀ tuntun wá ní ẹ̀bùn. Samson fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ méjì sílẹ̀ bí awakọ̀. Ìyàwó kan ló ní.

Ní oṣù karùn-ún, Dáníẹ́lì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sín.

"Àǹtí, a fẹ́ kẹ́ ẹ wá jẹ́ olùdásílẹ̀ kejì."

"Ti kí ni?"

"Ti ERU."

"Iṣẹ́ tí mo ti dá sílẹ̀ nígbà tó o ṣì wà níléèwé?"

Ó fi áńkáṣíìfù nu imú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Ṣùgbọ́n tiwa ló gbowó. Ẹ pa Kaya dé, kẹ́ ẹ kó orúkọ àwọn àgbẹ̀ fún wa. A máa ra kọ̀ǹpútà tuntun fún yín. Ńlá."

Kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì ń kùn bíi ọlọ. Nàfísátù gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà tuntun. Ohun tó gbé e dé Lamingo náà nìyẹn.

"Àgbẹ̀ tó jẹ́ fóònù tọ́ọ̀ṣì ló ní, báwo ló ṣe máa rí yín?"

"Irú wọn kọ́ là ń fojú sùn, Àǹtí."

"Ta ló wá ń gbin pòtétò tẹ́ ẹ fẹ́ kó?"

Dáníẹ́lì sín.

"Bá mi kí màmá ẹ ní Dadin Kowa," Nàfísátù ní. "Mi ò pa Kaya dé."

Lásìkò ìkórè, kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá. Nàfísátù ra ìwé ńlá kan, ó to fóònù mẹ́ta síwájú, ó ń fẹnu so àgbẹ̀ mọ́ awakọ̀. Ohùn rẹ̀ há. Ọ̀sẹ̀ náà ni Samson gbé fóònù rẹ̀ wọlé, ó ń ka ìròyìn. ERU ti tún gbowó, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nítorí pé awakọ̀ rẹ̀ ti pé ẹgbàárùn-ún.

"Wọ́n ní Dáníẹ́lì lẹni àkọ́kọ́ tó ronú kàn án pé ó yẹ kí àgbẹ̀ àti awakọ̀ pàdé."

"Ó ṣeun." Ó gbé fóònù kan setí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó gbé e kalẹ̀. "Samson. Pòtétò wà ní Bokkos, ogójì àpò. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ. Ẹlẹ́rù ní tó bá fi di ọ̀la, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà."

Samson bojú wo ọkọ̀ rẹ̀ níta. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ṣófo.

"Apá ibo ní Bokkos?" ó ní.