Atòrì Tí Mo Fi Se Ẹ̀wà

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn atòrì tútù ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ti dé. Ní ìlú wa, tí kò jìnnà sí Òfíkì, bàbá tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá sí jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sóko, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé atòrì kan, kí ó bó èèpo rẹ̀, kí ó sì fi í lé tíṣà lọ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ náà. Bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Atòrì bàbá kọ̀ọ̀kan á wà lókè àjà títí ọmọ yóò fi bọ́ sí kíláàsì kìn-ín-ní, bàbá á wá gba èyí tó bá kù nínú rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bá nǹkan kan nílẹ̀, nítorí èmi ni tíṣà, atòrì kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo sì ti wọ ilé-ìwé mọ́dà díẹ̀, mo wá gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Àtíbàbà kan tí a fi koríko bẹẹrẹ bò, lábẹ́ igi igbá, ni kíláàsì mi. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, á jókòó sórí ẹní, èmi á sì dúró lé wọn lórí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, mo nà án. Ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí mo ní kó sọ̀rọ̀, mo nà án jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdẹ kan ní àdúgbò òkè, tí kò lè ka A-B-D kọjá B. Lọ́jọ́ kan mo nà án títí ó fi tọ̀ sára, tí ojú rẹ̀ yí, tí ó sì ṣubú lulẹ̀. Omi tútù la dà sí i lórí kó tó mí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọmọ, ńṣe ló kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣé o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín lọ́wọ́." Ó gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo gún un níyán, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ni kánsù wa ní Ṣakí kéde pé owó kánsù fúnra rẹ̀ ni wọn yóò fi rán obìnrin kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ sí Ìsẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Bí ìlú bá fọwọ́ gidi mú tíṣà tó lọ, wọ́n á tún rán òmíràn lọ́dún kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààyè náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ìlú mìíràn. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní èmi ni kí n lọ, nítorí pé ọwọ́ mi le. Orí mi wú. Mo di atòrì méjì mọ́ ẹrù mi, kí wọ́n lè rí i ní Ìsẹ́yìn pé mo mọ iṣẹ́.

Ìyá àgbà kan tó wá láti ìhà Kìṣí ni olùkọ́ wa. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè ẹni tó mú atòrì wá. Èmi nìkan ni mo dìde, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó gba méjèèjì, ó ní kí gbogbo wa jókòó sílẹ̀, ó wá dá orin Bàrìbá kan tí kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú wa, ó ní ká kọ ọ́ tẹ̀ lé òun. Ẹni tó bá ṣì í, ó nà án. Àwa obìnrin, tí àwọn kan nínú wa ti bímọ mẹ́ta! Ó nà wá lẹ́yìn, ó nà wá nítan. Nígbà tó kàn mí, mo ṣì í, ó sì fi atòrì mi nà mí lọ́rùn títí ọrùn mi fi bó. Títí oòrùn fi kàn wá látàrí, kò sí ẹni tó mọ ìlà kan ṣoṣo nínú orin náà. Ó wá sọ atòrì nù, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ fún wa, ó ní ká máa gbé e fún ara wa káàkiri bí a ti ń kọrin. Kò pẹ́ rárá tí a fi mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ alátòrì, èwo lo fi mọ̀ ọ́n nínú méjèèjì?" Inú bí mi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ara mi.

Nígbà tí mo pa dà sílé, ara mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá, mo kó gbogbo atòrì tó wà lókè àjà, mo fi wọ́n dáná, mo se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ. Mo kọ́ wọn ní orin Bàrìbá náà. Mo rò pé ìlú yóò gbé mi jó. Ọmọ ìlú náà ni mí, mo mọ ohun tí atòrì bàbá dúró fún, ṣùgbọ́n ayọ̀ ohun tuntun ti gbà mí lọ́kàn. Ẹni tó bá sun atòrì tí bàbá fi lé e lọ́wọ́ ti sọ fún bàbá náà pé òun kò gba ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá tó lé ní ogún láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo sì ń bu iyọ̀ sí ẹ̀wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Ọdẹ, bàbá ọmọbìnrin tí mo nà tó dákú, ló ṣíwájú, atòrì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, kí lọmọ mi ṣe yín tí ẹ fi kọ̀ ọ́?"

Mo ní mi ò kọ̀ ọ́. Mo ní wọ́n ti kọ́ wa ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ kékeré kò nílò pàṣán.

"Ṣé kánsù ló bí i ni? Gba èyí lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, kí n mọ̀ pé o gba ọmọ mi."

Mo kọ̀. Ó ní bí mi ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó mọ́, òun á fi hàn mí. Ó fa ọmọ náà dìde lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Mo sáré fi ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Atòrì wá ń bà mí lẹ́yìn, ó ń bà mí lórí, ó sì la etí mi kan. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ àga lù mí lọ́wọ́, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Àwọn tó kù ń fa òpó àtíbàbà tu, òrùlé wó, eruku sọ, àwọn ọmọ ń ké. Mo ń sọ fún ọmọ tó wà lábẹ́ mi pé, "Má bẹ̀rù, èmi ni. Èmi ni."

Ìgbà yẹn ló gé mi jẹ. Ó ki eyín bọ apá mi, kò sì tú u sílẹ̀. Mo rò pé kò mọ ẹni tí mo jẹ́ ni, mo tún dì í mú. Ó fi èékánná ya mí lójú, ó sì figbe ta: "Bàbá, ẹ gbà mí! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Tíṣà!"

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ dúró lókè. Ọmọ náà gba abẹ́ apá mi jáde, ó sì lọ rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà án.

Ọ̀gá kan wá láti kánsù lọ́sẹ̀ yẹn, ó wo àtíbàbà tó wó, ó ní ààyè ìlú wa ti tán. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo wà níbẹ̀, igi tí atò-eegun dì mọ́ ọwọ́ mi kò tíì tú. Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ atòrì tí mo sun, mo sì sọ ti ọmọ tí mo nà títí tó fi dákú. Ojú tì mí gan-an. Mo ní bí wọ́n bá máa fìyà jẹ ẹnìkan, kí wọ́n yọ mí, kí wọ́n sì rán òmíràn lọ. Wọn kò yọ mí, wọ́n sì rán òmíràn. Àwọn bàbá tún àtíbàbà kọ́. Fún ọdún díẹ̀ sí i wọ́n ṣì ń mú atòrì wá, mo ń gbà á, mo ń kó o sókè, mi ò sì mú ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ kò pa dà wá mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn kan nínú àwọn tí mo nà ń sọ fún mi pé ẹgba yẹn ló sọ àwọn di èèyàn. Ní ọjà Òkèhò lọ́dún tó kọjá, mo pàdé ọmọ ọdẹ yẹn, orí rẹ̀ ti ń hewú, ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ kan lọ́wọ́, tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà." Mo na ọwọ́ láti fi pa ọmọ náà lórí. Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó rọra fa ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi pa dà, mo sì béèrè àlàáfíà ilé.